Ìṣẹ́jú Kan Níwájú Ojú Ìlú

Omi ń dà lójú Mosúnmọ́lá bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ túfọ̀ fún. Ó gba ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì sọ̀kalẹ̀, ó rin ọrùn bùbá rẹ̀, ó sì ń kán sórí ilẹ̀ dídán gbọ̀ngàn ìdájọ́ níṣojú gbogbo ènìyàn. Síbẹ̀, ẹ̀rọ gàgàrà tí wọ́n ń pè ní Ojú Ìlú rọra yí gíláàsì rẹ̀ sọ́tùn-ún, ó yí i sósì, ó sì fi ohùn pẹ̀lẹ́, bíi ti ìyá àgbà tó ń rẹ ọmọ lẹ́kún, sọ pé, "Ojú yìí gbẹ. Kò sí ọ̀rọ̀ nínú rẹ̀."

Àlejò ì bá rẹ́rìn-ín. Ẹni tí omi ń ṣàn lójú rẹ̀, ẹ ní ojú rẹ̀ gbẹ? Àmọ́ kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín nínú gbọ̀ngàn náà, nítorí pé ní ìlú Ìwòyè, ohun tí Ojú Ìlú bá ti sọ, abẹ gé e. Òwe àwọn baba wa ni wọ́n fi idẹ kọ sókè ẹnu ọ̀nà ibẹ̀: OJÚ LỌ̀RỌ̀ WÀ. Àwọn tó tẹ ìlú náà dó lẹ́yìn tí ọ̀gbẹlẹ̀ gba gbogbo ọ̀dàn òkè gba òwe yẹn gbọ́ ju bí àwọn tó pa á ti gbà á gbọ́ lọ, ni wọ́n bá ra ẹ̀rọ tó lè wo orí ẹyinjú ènìyàn, kó sì ka òtítọ́ níbẹ̀.

Adájọ́ Abídèmí, obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí ojú rẹ̀ là sílẹ̀ kedere bíi fèrèsé tí kò ní ìlẹ̀kùn, sọ fún Mosúnmọ́lá pé ìbúra kejì rẹ̀ ti bọ́ sófo bíi ti àkọ́kọ́. Ó ku ẹyọ kan. Bí ìyẹn náà bá yẹ̀ nígbà tí oṣù tuntun bá lé, ọmọdébìnrin tó ń jẹ́ Málọmọ́ á bá ọkọ̀ ọ̀dàn sọ̀kalẹ̀ lọ sí etíkun, á lọ di ọmọ ẹni ẹlẹ́ni.

Mosúnmọ́lá kúnlẹ̀. "Olúwa mi, ọwọ́ mi báyìí ni mo fi gba ọmọ yẹn nígbà tí wọ́n bí i. Èmi náà ni ìyá rẹ̀ fi í lé lọ́wọ́ kó tó dákẹ́."

"Ẹnu rẹ ló sọ bẹ́ẹ̀," ni adájọ́ dá a lóhùn. "Ojú rẹ ni kò sọ nǹkan kan."

Òótọ́ sì ni Mosúnmọ́lá sọ. Bọ́látitó àbúrò rẹ̀ ló bí Málọmọ́, lẹ́yìn tí àwọn tó ṣáájú ọmọ náà ti wá wo ayé lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan tí wọ́n sì padà. Nígbà tí èyí wá dúró, tó ń rìn, tó ń sọ̀rọ̀, ìyá ni kò dúró. Ibà kan ṣoṣo ló gbé Bọ́látitó lọ. Kò sí ẹlòmíràn nínú yàrá lọ́jọ́ tó di ọwọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mú, tó sì ní, "Mo fi ọmọ mi sílẹ̀ fún ẹ." Láti ọjọ́ náà, Ilé Ìtọ́jú ìjọba ni ọmọ wà, Mosúnmọ́lá kò sì rí i àfi láti ẹ̀yìn gíláàsì.

Nígbà tó jáde nínú gbọ̀ngàn, ojú ń ta á bí ẹni pé wọ́n bu iyanrìn sí i. Ó yára lọ sí ògiri àyíjú tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ̀gùn, ó kọjú sí i, ó sì ṣe ohun tí ọmọlúàbí kì í ṣe níṣojú ẹlòmíràn: ó pa ìpéǹpéjú dé, ó sì ṣí i. Ní Ìwòyè, wọn kì í dárúkọ nǹkan yẹn ní gbangba. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe é á ní òun fẹ́ yíjú, bí ẹni tó fẹ́ lọ tọ̀. Láti kékeré ni wọ́n ti ń kọ́ wọn pé ẹni tó bá ń pajú dé níbi tó ti ń sọ̀rọ̀, irọ́ ló ń fi pa mọ́. Olùkọ́ á to àwọn ọmọ ní méjìméjì, wọ́n á máa wo ara wọn ranran, ẹni tí ìpéǹpéjú rẹ̀ bá kọ́kọ́ já, wọ́n á gbá a níwájú orí. Àwọn ọ̀dọ́ a máa lè ṣe é dáadáa. Àmọ́ bí ọjọ́ orí bá ti ń gòkè, ojú á máa pọ́n, á máa ta, omi á máa dà á, Ojú Ìlú á sì máa sọ pé ó gbẹ. Láti ìgbà náà lọ, ọ̀rọ̀ wọn kì í wọlé ní kóòtù mọ́. Ìlú tí àgbà ti ń panu mọ́, tí ọmọ àná ń jẹ́rìí sí ohun tí kò ṣojú rẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ìlú wo nìyẹn?

Iṣẹ́ tí Mosúnmọ́lá ń ṣe tún dá kún un. Iwájú pátákó ìmọ́lẹ̀ tó ń darí àwọ̀n ìrì ló máa ń jókòó sí, àwọn àwọ̀n ńlá tí wọ́n ta yí ìlú ká láti máa gba omi lára afẹ́fẹ́. Ó ń wo pátákó láti àárọ̀, fáànù ń fẹ́ sí i lójú, ọyẹ́ tí kì í lọ mọ́ ní apá ibẹ̀ náà sì ń ṣe tirẹ̀. Ó ti gbìyànjú omi tútù, ó ti gbìyànjú àdúrà. Ẹnì kan ṣoṣo ló kù tí kò tíì lọ bá, ẹni náà gan-an ló sì ń tì í lójú láti lọ bá.

Dókítà Àjíṣafẹ́ ni. Bàbá arúgbó tó wá láti etíkun ni, tó ń gbé lẹ́yìn àwọ̀n ìrì níbi tí kò sí aládùúgbò. Ẹ̀sùn tí wọ́n fi kàn án kò ju ẹyọ kan lọ: ó ń ṣẹ́jú. Kì í yíjú sógiri. Bó bá ń kí ọ, á ṣẹ́jú pẹ́. Bó bá ń san owó iṣu fún ọ, á ṣẹ́jú pẹ́. Àwọn ìyá a máa fa ọmọ wọn mọ́ra bó bá ń kọjá, wọ́n á ní olè ni, bí kò tilẹ̀ tíì jí abẹ́rẹ́ rí.

Mosúnmọ́lá wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ní gbogbo àsìkò tó fi ń ṣàlàyé fún un. Ó ní ojú ń ta òun bí ata, ìran á ṣú, á mọ́, á tún ṣú, bí atẹ́gùn bá sì ti fẹ́ pẹ́nrẹ́n, omi á bẹ̀rẹ̀ sí í dà. Ẹ̀rọ wá ní ó gbẹ.

"Òótọ́ ni ẹ̀rọ sọ," ni bàbá náà wí. "Àwọn tó ń túmọ̀ rẹ̀ ni ò mọ ohun tó ń wí. Wọlé, ọmọ mi."

Ó mú un wọ yàrá róbótó kan tí òrùlé rẹ̀ funfun, tó dà bí igbá tí wọ́n dojú rẹ̀ dé. Ó ní kó fara ti àga, ó gbé àtùpà kékeré kan tó ń gbé àwòrán ojú lọ sórí òrùlé sí ẹ̀gbẹ́ ojú rẹ̀ ọ̀tún, ó sì pa iná tó kù. Òkùnkùn ṣú. Lẹ́yìn náà òrùlé là, Mosúnmọ́lá sì rí ojú ara rẹ̀.

Ó gba gbogbo òrùlé láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun. Dúdú àárín rẹ̀ jìn bíi kànga. Àwọ̀ obì ló yí i ká, pẹ̀lú fọ́nrán wẹ́wẹ́ tí kò lóǹkà, tí gbogbo wọn dorí kọ ọ̀nà kan. Lórí gbogbo rẹ̀ ni omi kan tẹ́ sí, tó fẹ́lẹ́ ju ohunkóhun tó tíì rí láyé lọ, àwọ̀ òṣùmàrè sì ń rìn lójú omi náà: pupa ń wọnú àwọ̀ ewé, àwọ̀ ewé ń wọnú aró. Mosúnmọ́lá kò mọ ìgbà tí ẹnu rẹ̀ là. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i ló ti ń gbé irú nǹkan báyìí kiri, tó ń fi í wo ìkòkò ọbẹ̀ àti pátákó ìmọ́lẹ̀, kò sì sẹ́ni tó sọ fún un.

"Wàyí o, la ojú bí ẹ ṣe máa ń là á," ni Dókítà wí.

Ó là á. Kò pẹ́ tí àmì dúdú kékeré kan yọ nísàlẹ̀ òṣùmàrè náà. Òmíràn yọ lókè. Wọ́n fẹ̀, wọ́n pàdé ara wọn, omi tó tẹ́ náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í sán bí ilẹ̀ àbàtà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ibi tó bá ti sán lókè gan-an ni yóò ti ta á lójú. Ìrora tó ti ń bá a gbé láti ọjọ́ yìí wá ló ń wò lókè yẹn. Bí ó ti ń wò ó, omi bẹ́ láti ẹ̀gbẹ́ kan, ó ya wá gìrìgìrì, ó gba orí àwọn ibi tó sán kọjá, ó sì ṣàn lọ láìdúró.

"O rí i?" ni bàbá náà bi í. "Omi tí wọ́n rí ní kóòtù nìyẹn. Ojú gbẹ, ó ké gbàjarè, omi sáré dé. Àmọ́ omi lásán ni. Kò ní òróró tó máa dì í mú, ó kàn kọjá lọ ni. O lè sunkún di alẹ́, ojú rẹ ò ní tutù." Ó tọ́ka sí òrùlé. "Ó yá, ṣẹ́jú."

Ara Mosúnmọ́lá gbóná. Ó wá ògiri tó máa kọjú sí, àmọ́ yàrá róbótó kò ní kọ̀rọ̀. Níkẹyìn ó ṣẹ́jú, nígbà tó sì là á, àtùpà náà ń tún un ṣe fún un lókè díẹ̀díẹ̀. Ìpéǹpéjú rẹ̀ bọ̀ lókè bí ilẹ̀ tó ṣú lórí odindi ìlú, ó bo kànga, ó bo gbogbo ibi tó sán, ó kan ìsàlẹ̀. Nígbà tó tún gbéra sókè, ó ń fa awọ òróró kan lẹ́yìn rẹ̀ bọ̀, tẹ́ẹ́rẹ́ títí, òṣùmàrè sì tún tẹ́ rẹrẹ láti etí dé etí. Kò sí ojú àpá kankan níbẹ̀ mọ́.

Ẹ̀rù ba Mosúnmọ́lá, ẹ̀rù tó dùn, irú èyí tó máa ń mú ènìyàn bọ́ bàtà láìjẹ́ pé ẹnì kan sọ fún un. Ó tún ṣẹ́jú. Ó tún ṣẹ́jú. Gbogbo ìgbà tó bá ṣẹ́ ẹ ni ayé tuntun ń là lókè orí rẹ̀. Ó gbàgbé ìtìjú. "Bàbá," ó sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́, "ta ló ń ṣe nǹkan yìí?"

"Ìwọ ni. O mọ̀ ọ́n ṣe kó o tó mọ ọ̀rọ̀ sọ. Àwọn ló kọ́ ọ pé kó o má ṣe é mọ́."

Ó wá rọra yí etí ìpéǹpéjú rẹ̀ síta. Lókè, Mosúnmọ́lá rí ọ̀wọ́ ihò kéékèèké tó tò lẹ́sẹẹsẹ sí ìdí irun ojú. Níbẹ̀ ni òróró ti ń wá, Dókítà ní, tí ṣíṣẹ́ ojú bá tẹ̀ ẹ́. Àwọn tirẹ̀ ti dì. Ó ní ṣé ó mọ òrí nígbà ọyẹ́, bó ṣe máa ń le gbagidi nínú igbá? Iná ló ń yọ́ ọ, kì í ṣe ìjà. Kó máa fi omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ rẹ aṣọ mímọ́, kó pa ojú dé, kó fi lé e títí ooru á fi wọlé, kó wá fi ìka rọra ra ìpéǹpéjú lọ sí ìdí irun. Kó máa fọ ìdí irun náà. Kó yí fáànù kúrò níwájú rẹ̀, kó gbé abọ́ omi sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, kó máa jẹ ẹja ọlọ́ràá bó bá rí i, kó sì máa gbé ojú kúrò lára pátákó lóòrèkóòrè. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, kó máa ṣẹ́jú, kó ṣẹ́ ẹ kan ìsàlẹ̀, kì í ṣe ààbọ̀.

Mosúnmọ́lá béèrè bóyá á wá san pátápátá. Bàbá náà mi orí. Ó ní a kì í fọ eyín lẹ́ẹ̀kan ká ní ó parí. Ohun tí ènìyàn ń tọ́jú títí ni, àmọ́ ojú tí a bá tọ́jú kì í gbàgbé olóore.

Ó wá fi ìgò kékeré kan lé e lọ́wọ́, omi ojú tí wọ́n pò mọ́ òróró díẹ̀. Ní etíkun, ó ní, bí wọ́n ṣe ń ta súìtì ni wọ́n ń tà á. Bó bá kán an sójú lọ́jọ́ ìbúra, ojú náà lè dúró láìsán títí ẹ̀rọ á fi parí. Mosúnmọ́lá di ìgò náà mú bí ẹni di ẹ̀yinná mú. Ní Ìwòyè, ẹni tó bá fi ohunkóhun sójú kó tó búra, ayédèrú ló ṣe. Bí wọ́n bá mú un, kò ní fojú kan Málọmọ́ mọ́ láéláé.

Ó gbé ìgò náà lọ sílé. Ó ń fi aṣọ gbígbóná lé ojú láràárọ̀ àti lálaalẹ́, ó ń ra á, ó ń ṣẹ́jú nínú ilé rẹ̀ lẹ́yìn ìlẹ̀kùn tó tì. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ojú rọ̀ ọ́. Pupa inú rẹ̀ lọ sílẹ̀. Ó jí lọ́jọ́ kan, ó rí koríko orí òkè kejì ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì dúró lójú fèrèsé tí ẹ̀kọ rẹ̀ fi tutù. Àmọ́ bó bá la ojú ranran láìṣẹ́ ẹ, bíi ti kóòtù, kí àkókò tó pé, á tún sán. Ó sá lọ bá Dókítà. Bàbá náà yẹ̀ ẹ́ wò, ó sì ní, "Ojú rẹ ti sàn. Ojú tó sàn kì í lọ láìṣẹ́. Kò sí oògùn fún ìyẹn."

Ìgò náà ló kù. Lọ́jọ́ tó ṣáájú ìbúra, ó lọ wo Málọmọ́ láti ẹ̀yìn gíláàsì. Àwọn olùtọ́jú ń to àwọn ọmọ ní méjìméjì, Málọmọ́ sì ń wo ẹnì kejì rẹ̀ ranran, ojú rẹ̀ ti pọ́n bí ẹyìn orí ọ̀pẹ, ọmọ tí kò tíì lè so okùn bàtà ara rẹ̀. Mosúnmọ́lá fi ọwọ́ kan gíláàsì náà. Ó rí i gbangba nígbà náà pé bí òun bá tilẹ̀ fi ìgò gba ọmọ yìí, òun á mú un relé, òun á tún kọ́ ọ láti máa gbẹ. Nígbà tó ń múra lọ́jọ́ kejì, orí tábìlì ló fi ìgò náà sí. Kò mọ ohun tó máa ṣe. Ohun tí kò ní ṣe nìkan ló mọ̀.

Gbọ̀ngàn kún. Àwọn àgbà jókòó sẹ́yìn, níbi tí wọ́n máa ń fi wọ́n sí. Wọ́n fi bébà funfun kan etí ojú rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà láti mọ̀ bóyá ó kán nǹkan sí i, wọn kò rí nǹkan kan. Akọ̀wé kóòtù dìde pẹ̀lú agogo tó máa ń lù bí ìpéǹpéjú bá já, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka òfin ní ohùn ẹni tó ti kà á títí tó ti sú u: "Kí ẹni tó ń búra wo Ojú Ìlú fún ìṣẹ́jú kan, kí ó má ṣe yí ojú kúrò."

Ìgbà kẹta rèé tí Mosúnmọ́lá ń gbọ́ ọ, àmọ́ láti ìgbà tó ti ń ṣẹ́jú láìbójú wẹ̀yìn, etí rẹ̀ náà ti là. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un kà," ó ní.

Akọ̀wé wo adájọ́. Adájọ́ mi orí sí i. Ó tún un kà.

"Olúwa mi," ni Mosúnmọ́lá wí, "kí ni wọ́n ń pè ní ìṣẹ́jú?"

"Ìdá kan nínú ọgọ́ta ìdá wákàtí. Ọmọdé mọ̀ ọ́n."

"Kí ló dé tí wọ́n fi ń pè é bẹ́ẹ̀?"

Adájọ́ Abídèmí tún ọ̀rọ̀ náà pè lábẹ́ ètè. Ojoojúmọ́ ayé rẹ̀ ló ń pe ọ̀rọ̀ yẹn.

"Ṣẹ́ ojú ni," ni Mosúnmọ́lá wí, ó sì pe ọ̀rọ̀ tí wọn kì í pè náà ketekete. "Àwọn baba wa fi ìpéǹpéjú sọ àkókò lórúkọ. Àáyá inú igbó pàápàá, wọ́n fún un ní tirẹ̀, ìṣẹ́jú àáyá. Ṣé ọ̀bọ ló wá lẹ́tọ̀ọ́ láti ṣẹ́jú tí èmi ò ní? Òfin ní kí n má yí ojú kúrò, mi ò ní yí i. Àwa la bẹ̀rẹ̀ sí í pe ṣíṣẹ́ ojú ní yíyí ojú, nítorí ìtìjú. Òfin fún mi ní ìṣẹ́jú kan. Ẹ fún mi ní ìṣẹ́jú mi."

Ẹnì kan láàárín àwọn àgbà wúkọ́, bí ẹni tó fẹ́ fi bo ẹ̀rín mọ́lẹ̀. Adájọ́ bi akọ̀wé bóyá ibì kankan wà nínú òfin náà tí wọ́n ti kọ ọ́ pé kí ènìyàn má pa ìpéǹpéjú dé. Akọ̀wé wá a síwá, ó wá a sẹ́yìn, òógùn bò ó. Kò sí níbẹ̀.

"Gbé agogo yẹn sílẹ̀," ni adájọ́ wí.

Mosúnmọ́lá kọjú sí Ojú Ìlú. Gíláàsì ńlá náà mọ́lẹ̀, ojú rẹ̀ sì hàn nínú rẹ̀ fún gbogbo gbọ̀ngàn, bó ti máa ń hàn fún ẹni gbogbo. Wọ́n ti rí ojú púpọ̀ tó sán níbẹ̀, àwọn kan rí tiwọn. Ó ṣẹ́jú. Òkùnkùn bọ̀, ó lọ, òṣùmàrè sì tẹ́ láti etí dé etí. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́: ọmọ Bọ́látitó lọmọ òun, ohun tí òun bá jẹ ló máa jẹ, ibi tí òun bá sùn ló máa sùn. Gbogbo ìgbà tí omi náà bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ya, á ṣẹ́jú, á sì di ọ̀tun. Lẹ́yìn gbọ̀ngàn, àgbàlagbà kan pa ojú dé, ó ṣí i, ó tún pa á dé. Ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ náà ṣe bẹ́ẹ̀. Kò pẹ́ tí gbogbo ìlà ẹ̀yìn fi ń ṣẹ́jú, omi gidi sì ń tẹ́ sí wọn lójú.

Gíláàsì yí sọ́tùn-ún, ó yí sósì.

"Ojú yìí mọ́," ni Ojú Ìlú wí. "Ọ̀rọ̀ wà nínú rẹ̀."

Wọ́n mú Málọmọ́ wọlé. Ó dúró ṣánṣán níwájú Mosúnmọ́lá, ó la ojú ranran bí wọ́n ti kọ́ ọ, omi ti ń gbá jọ sí i létí ojú, ó sì ń retí kí wọ́n yìn ín. Mosúnmọ́lá kúnlẹ̀ títí orí àwọn méjèèjì fi dọ́gba.

"Ṣẹ́jú, ọmọ mi," ó ní. "Kò sẹ́ni tó máa nà ẹ́."

Ọmọ náà wo akọ̀wé. Ó wo adájọ́. Adájọ́ Abídèmí wò ó padà, ó sì ṣẹ́jú. Ìgbà náà ni Málọmọ́ pa ojú rẹ̀ méjèèjì dé, ó pa á dé pátápátá, ó gbé orí lé èjìká ìyá rẹ̀, kò sì tètè là á.